Wáípà Ìgbà Òtútù: Èwo Ló Bá Ọkọ̀ Yín Mu ní Chicago àti Agbègbè Rẹ̀?

Ẹni tó bá ń wakọ̀ ní Chicago gbọ́dọ̀ ti mójú tó wáípà ọkọ̀ rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí, nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ tí sínóò bá kọ́kọ́ bo gíláàsì iwájú kì í ṣe àsìkò tí ènìyàn lè fara balẹ̀ yan nǹkan. Bí a bá wọ ilé ìtajà ohun èlò ọkọ̀, a ó bá oríṣiríṣi wáípà lórí ìkọ́, a ó rí i pé owó àwọn kan tó ìlọ́po mẹ́ta owó àwọn mìíràn, síbẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù: èyí tó ní férémù irin, èyí tí wọ́n fi rọ́bà bo férémù rẹ̀ nítorí ìgbà òtútù, èyí tí kò ní férémù rárá, àti àdàlù tó wà láàárín wọn. A ó gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà wọ́n àti irú awakọ̀ tí wọ́n tọ́ sí. Chicago ni mo fi ṣe òdiwọ̀n nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Milwaukee, Minneapolis, Detroit tàbí Toronto náà yóò rí ohun tó kàn án níbẹ̀.

Òtútù gan-an ló bí wáípà. Mary Anderson, obìnrin kan láti Alabama, ló rìnrìn àjò dé New York nígbà òtútù, tó rí bí yìnyín kò ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń wa tíráàmù ríran níwájú rẹ̀. Nígbà tó padà sílé, ó ṣètò ọ̀pá kan tó ní rọ́bà lẹ́nu, tí awakọ̀ lè máa fi ọwọ́ yí láti inú ọkọ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1903. Láti ìgbà náà títí di òní, iṣẹ́ kan náà ni à ń bẹ̀ ẹ́ sí: kí ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ̀ mọ́ gíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó má sì fo ibì kankan.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sínóò tó ń bọ́ ni ìṣòro awakọ̀. Ní tèmi, omi iyọ̀ burú jù ú lọ. Sínóò tó máa ń bọ́ sí Chicago lọ́dún jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 38, ọjọ́ tó sì ń bọ́ lọ́wọ́ kò pọ̀ tó ọjọ́ tí títì fi tutù tó sì kún fún iyọ̀ tí ìjọba ìlú dà sí i kí yìnyín lè yọ́. Táyà ọkọ̀ àjàgbé tó wà níwájú yín á máa fọ́n omi iyọ̀ yìí sókè, á balẹ̀ sára gíláàsì yín, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gíláàsì á sì funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Bí ó bá jẹ́ alẹ́, tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì bá tàn sí i, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi wáípà kọ̀ọ̀kan ni pé ṣé rọ́bà rẹ̀ lè nu omi iyọ̀ kúrò ní ẹ̀ẹ̀kan, láìdá ilà sílẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni pé ṣé yìnyín lè ráyè wọ inú rẹ̀ kí ó sì dì í pa. Ìkẹta ni pé ṣé yóò dúró mọ́ gíláàsì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá ní máìlì 60 tàbí 65 láàárín wákàtí kan lórí ọ̀nà márosẹ̀ bíi I-55 tàbí I-94, nítorí pé afẹ́fẹ́ máa ń gbé wáípà sókè lórí eré. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni owó kàn, owó yìí ni a sì gbọ́dọ̀ fi wé iye oṣù tí wáípà náà yóò lò, kì í ṣe iye tí a kọ sára páálí nìkan.

Òfin ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìpele eré kan nínú ti wáípà gbọ́dọ̀ lè lọ kí ó sì bọ̀ ní ìgbà 45, ó kéré tán, láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá wakọ̀ fún ìṣẹ́jú 45 láti ẹnu iṣẹ́ dé ilé ní ìpele náà, wáípà yín á ti lọ bọ̀ ní ìgbà tó ju 2,000 lọ lórí gíláàsì tó ní iyọ̀ àti iyanrìn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a retí pé kí rọ́bà kan wà títí láé. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, wọ́n kì í sì í tó ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tó ń wakọ̀ púpọ̀ nígbà òtútù.

Wáípà onírin

Èyí ló ti pẹ́ jù, òun náà sì ni owó rẹ̀ kéré jù. Dọ́là 8 sí 15 ni wọ́n sábà ń ta ẹyọ kan. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan tí ẹ sì gbé e sọ́wọ́, ẹ ó rí irin gígùn kan lókè, ẹ ó rí àwọn irin kéékèèké lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn ní oríkèé, àwọn irin kéékèèké wọ̀nyí ló sì di rọ́bà mú ní ibi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Gíláàsì ọkọ̀ kò tẹ́jú, ó tẹ̀. Oríkèé wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí rọ́bà lè tẹ̀ bí gíláàsì ṣe tẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà. Sínóò tí híítà ti yọ́ díẹ̀ lórí gíláàsì á ṣàn wọ inú oríkèé náà, afẹ́fẹ́ òtútù á fẹ́ lù ú lórí eré, á sì dì. Oríkèé tó ti dì kò lè tẹ̀ mọ́. Wáípà á wà gan-an bí ó ṣe wà nígbà tó dì, orí àti ìdí rẹ̀ nìkan ni yóò máa kan gíláàsì, àárín rẹ̀ á ga díẹ̀, á sì máa fi ìpele omi kan sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá. Ibi tí omi náà sì máa ń wà ni iwájú ojú awakọ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ìlú yìí á ti rí awakọ̀ tó ná ọwọ́ jáde lójú fèrèsé níbi tí iná pupa dá a dúró sí, tó gbá wáípà mú, tó sì fi lu gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì kí yìnyín lè já kúrò lára rẹ̀. Wáípà onírin tó ti dì ni wọ́n sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Síbẹ̀, kì í ṣe wáípà burúkú. Bí rọ́bà rẹ̀ bá jẹ́ tuntun, ó ń nu omi iyọ̀ dáadáa, nígbà mìíràn ju ti àwọn olówó ńlá tó ti lo ọdún kan lọ. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí a lè ra rọ́bà nìkan fún, kí a fà á bọ inú férémù àtijọ́, tí owó rẹ̀ kò ní ju dọ́là mélòó kan lọ. Ọkọ̀ tó ń sùn nínú gáréèjì tí kì í sì í rin ọ̀nà jíjìn lè lò ó láìsí wàhálà.

Wáípà aláwọ̀ rọ́bà

Àwọn tó ń ṣe wáípà mọ ìṣòro oríkèé yìí, ohun tí wọ́n sì ṣe ni pé wọ́n gbé férémù irin náà wọ inú àpò rọ́bà tó bò ó láti orí dé ìdí, kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé. Èyí ni wọ́n ń pè ní wáípà ìgbà òtútù gan-an, àwọn ilé iṣẹ́ bíi ANCO àti Trico sì ń ṣe é. Dọ́là 12 sí 20 lórí ẹyọ kan ni. Rọ́bà tó ń nu gíláàsì nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn ju ti gbogbo ìgbà lọ, ó sì máa ń lágbára láti ti sínóò tó wúwo, tó kún fún omi, kúrò lójú gíláàsì.

Bí ọkọ̀ yín bá ń sùn ní ìta, ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Rogers Park tàbí South Shore, tí kátakàtà tó ń kó sínóò a sì máa da sínóò bò ó lóru, ẹ ó mọ rírì rẹ̀. Ìjì sínóò tó jà ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì oṣù kejì ọdún 2011 da ínǹṣì 21.2 sílẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló sì há sórí Lake Shore Drive. Irú òru bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wáípà yìí fún.

Ohun mẹ́ta ni mo ní lòdì sí i. Ó wúwo, ó sì fẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ á máa tì í lórí eré, á máa pariwo, nígbà mìíràn á sì gbọ̀n lórí gíláàsì. Èkejì ni pé bí àpò rọ́bà náà bá ya, kódà bí ihò náà ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, omi á wọlé kò sì ní rọ́nà jáde, á dì sínú, wáípà náà á wá burú ju onírin lásán lọ. Ẹ máa tẹ àpò náà yípo lóṣooṣù kí ẹ lè mọ̀ bí ó bá ti ya. Ẹ̀kẹta, oòrùn ìgbà ooru ń ba àpò rọ́bà náà jẹ́, á gbẹ, á sán. Oṣù kẹrin ni kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn kò sí. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé kò ní pẹ́ nínú oòrùn ilé.

Wáípà aláìnírin

Irin férémù kò sí lára èyí. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rọ́bà rẹ̀, tí wọ́n ti tẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tó sì ń fẹ́ padà sí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí apá wáípà bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, agbára irin náà á pín káàkiri gbogbo gígùn rọ́bà dípò ibi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Nítorí pé kò ní oríkèé, yìnyín kò ní ibi tí yóò há sí. Yìnyín lè bò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka fa etí rẹ̀ díẹ̀ tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wá sókè, yìnyín náà á já wálẹ̀ ní ègé gígùn.

Èyí kì í ga lórí gíláàsì, wọ́n sì sábà máa ń ṣe etí rọ́bà kan sí òkè rẹ̀ tó ń lo afẹ́fẹ́ eré láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó túbọ̀ ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Lójú ọ̀nà I-80 tàbí I-94 tó gba Gary àti Michigan City kọjá, níbi tí afẹ́fẹ́ láti orí Adágún Michigan ti máa ń da sínóò sílẹ̀ lójijì, mi ò rí irú wáípà mìíràn tí mo lè fi ṣáájú rẹ̀. Lórí omi iyọ̀ náà, ó ń ṣe dáadáa, nítorí pé kò sí apá kan tó fẹ́lẹ́ tàbí tó le jù lára ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rẹ̀.

Dọ́là 18 sí 30 lórí ẹyọ kan ni owó rẹ̀. Bosch Icon àti Rain-X Latitude wà lára àwọn tí ẹ ó rí jù lórí ìkọ́, Trico Ice sì jẹ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní pàtàkì fún òtútù. Owó náà lè dà bí ẹni pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé lò láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, kò sí pé à ń yọ òmíràn sí i.

Àléébù rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe tẹ irin inú rẹ̀ lè má bá bí gíláàsì ọkọ̀ yín ṣe tẹ̀ mu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orí tàbí ìdí rẹ̀ kò ní kan gíláàsì, á sì fi omi sílẹ̀ ní igun kan. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí ẹ fi sára ọkọ̀, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ tó kúrò níwájú ilé ìtajà náà. Ike tí wọ́n fi ń so ó mọ́ apá wáípà náà máa ń gan nínú òtútù ńlá, ó sì lè ṣẹ́ bí a bá fi agbára fà á. Ẹ fà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àdàlù, àti àwọn méjì mìíràn

Àdàlù jẹ́ férémù onírin tí wọ́n fi ike bò lókè. Ó dùn ún wò, ó dákẹ́ lórí eré, ó sì bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota àti Honda mu dáadáa. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, sínóò sì lè gba ibẹ̀ wọ inú oríkèé. Dọ́là 20 sí 30 ni, mi ò sì rí ìdí tí ẹni tó ń wá wáípà fún òtútù yóò fi san iye yẹn lé e lórí nígbà tí aláìnírin wà ní owó kan náà.

Ọ̀rọ̀ sílíkóònì yàtọ̀, nítorí pé ohun tí a fi ṣe ẹnu wáípà ni, kì í ṣe ìrísí rẹ̀. Aláìnírin lè ní ẹnu sílíkóònì, onírin náà sì lè ní in. Sílíkóònì kì í gan nínú òtútù bíi rọ́bà lásán, oòrùn kì í tètè bà á jẹ́, ó sì ń fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lára gíláàsì tó ń jẹ́ kí omi máa ṣẹ́ wálẹ̀. Dọ́là 25 sí 40 ni ẹyọ kan, PIAA sì wà lára àwọn tó ń ṣe é. Bí gíláàsì kò bá mọ́ tónítóní kí a tó fi sí i, ó máa ń gbọ̀n, ó sì máa ń fi ojú gíláàsì sílẹ̀ bí ẹni tó ní kùrukùru. Ní ti wáípà tó ní wáyà iná nínú tó ń gbóná fúnra rẹ̀, rẹwáyà ni yóò so ó mọ́ bátìrì, owó rẹ̀ ga ju gbogbo èyí tí a ti kà lọ, awakọ̀ àjàgbé tó ń sùn sójú ọ̀nà ni mo sì lè gbà nímọ̀ràn pé kó rà á. Àwọn ọkọ̀ kan, bíi ọ̀pọ̀ Subaru, ti ní wáyà tó ń mú ìdí gíláàsì gbóná níbi tí wáípà ń sùn sí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní èyí kò nílò tiná.

Wíwọ̀n àti fífi sára ọkọ̀

Wáípà ọ̀dọ̀ awakọ̀ sábà máa ń gùn ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, nítorí náà ẹ má ra méjì tó gùn bákan náà láìwo ìwé ọkọ̀ yín tàbí kí ẹ fi téèpù wọn èyí tó wà níbẹ̀. Bí ó bá gùn jù, àwọn méjèèjì lè máa kan ara wọn. Ẹ wo bí apá wáípà ṣe rí lẹ́nu pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ jẹ́ ìkọ́ tó tẹ̀ padà, àwọn kan jẹ́ èyí tí a ń tẹ etí rẹ̀ méjèèjì, èyí tó bá ti yín mu ni kí ẹ rà.

Kí ẹ tó yọ ti àtijọ́, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó nípọn sórí gíláàsì. Spíríǹgì tó wà nínú apá wáípà lágbára, bí apá náà bá sì já bọ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí kò sí wáípà lẹ́nu rẹ̀, irin rẹ̀ lè fọ́ gíláàsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé apá náà dúró, ẹ yí wáípà títí yóò fi wà ní ìbú, ẹ tẹ ike kékeré tó wà lábẹ́ ìkọ́, ẹ sì fà á sísàlẹ̀ kúrò nínú ìkọ́ náà. Tuntun á gba ọ̀nà kan náà wọlé, a ó sì gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó bá wọlé tán. AutoZone, O'Reilly àti Advance Auto Parts máa ń bá ẹni tó ra wáípà lọ́dọ̀ wọn fi sára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láìgba owó, nítorí náà kò sí ìdí fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gan nínú òtútù láti máa bá ike jà níta. Bí wáípà ọkọ̀ yín bá ń sùn sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi agbára gbé e. Ìwé ọkọ̀ á sọ bí a ṣe ń mú un wá sí ibi tí a ti lè gbé e dúró, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ pé kí a pa ọkọ̀, kí a sì tẹ ọ̀pá wáípà lẹ́yìn náà.

Omi tí wáípà ń lò

Wáípà tó dára jù lọ kò lè nu iyọ̀ gbígbẹ. Omi ló ń tú u, nítorí náà mo ka omi ìfọ-gíláàsì sí ìdajì nínú iṣẹ́ yìí. Omi aláwọ̀ búlúù tó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà nígbà ooru máa ń dì ní nǹkan bí 32°F. Bí ó bá dì sínú ike rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lè sán ike náà, kí ó sì ba ẹ̀rọ tó ń fà á sókè jẹ́. Èyí tó kọ -20°F sí ara rẹ̀ ló tó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní Chicago. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù wálẹ̀ dé -23°F ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare, ẹni tó ní èyí tó kọ -30°F tàbí -35°F nìkan ló sì wà láàbò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ti ooru bá ṣì kù nínú ike, ẹ fọ́n ọn tán kí ẹ tó bu ti òtútù sí i, nítorí pé àdàlù wọn á dì kíákíá ju ohun tí a kọ sára gálọ́ọ̀nù lọ.

Ẹ má fọ́n omi náà sórí gíláàsì tó tutù nini lórí eré, kódà bí ó jẹ́ ti òtútù. Afẹ́fẹ́ á gbé oògùn inú rẹ̀ lọ, omi tó kù á dì lójú yín, ẹ kò sì ní ríran rárá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lórí títì. Ẹ jẹ́ kí híítà mú gíláàsì lọ́wọ́ọ́rọ́ ná. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ló sábà wà nínú omi yìí, májèlé ni, àwọ̀ búlúù rẹ̀ sì ń fa ojú ọmọdé mọ́ra. Ẹ gbé gálọ́ọ̀nù rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé.

Ìtọ́jú àárọ̀ àti alẹ́

Kí ẹ tó pa ọkọ̀ lálẹ́, ẹ pa wáípà ná, kí ó sùn sí ààyè rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n pa nígbà tí wáípà ṣì ń ṣiṣẹ́ á gbìyànjú láti yí wáípà láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí yìnyín ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ibẹ̀ ni rọ́bà ti ń ya, tí fíúùsì ń jó, tàbí tí ìdí apá wáípà ń bọ́. Bí ọkọ̀ yín bá ní wáípà tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá rí omi, ẹ mú un kúrò lórí ìyẹn pẹ̀lú.

Láàárọ̀, ẹ tan ọkọ̀, ẹ gbé híítà sí gíláàsì iwájú ní ìwọ̀n díẹ̀, ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá sínóò nígbà tí gíláàsì ń gbóná. Ẹ gbá ibi tí wáípà ń sùn sí pẹ̀lú. Sínóò tó bá ti le síbẹ̀ kì í jẹ́ kí wáípà lè padà sùn, ẹ̀rọ tó ń yí i á sì máa tiraka. Omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kan gíláàsì tó ti dì, nítorí pé ó lè là á láti igun dé igun. Bí yìnyín bá nípọn, ẹ da ìwọ̀n méjì sípíríìtì tí wọ́n ń tà nílé oògùn pọ̀ mọ́ ìwọ̀n omi kan nínú ike ìfọ́nmi, ẹ fọ́n ọn sí i, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó fi ike ha á. Sípíríìtì kan náà lórí aṣọ funfun ni ẹ ó fi nu ẹnu rọ́bà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dúdú tí yóò jáde sára aṣọ náà, iyọ̀ àti èéfín tó ń fa ilà lójú gíláàsì ni.

Ní ti gbígbé wáípà dúró lóru, mo fara mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá sọ pé òjò tó ń dì ni yóò rọ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sì le. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ó lè gbá apá náà padà lu gíláàsì. Aṣọ ìbora fún gíláàsì ló dára jù nígbà náà.

Bí wáípà bá ń fi ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, ìdọ̀tí ló wà lẹ́nu rẹ̀ tàbí kí ó ti ya. Bí ó bá ń fò lórí gíláàsì, rọ́bà ti gan tàbí apá ti wọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé òfin Illinois ní kí iná iwájú wà ní títàn nígbàkúùgbà tí wáípà bá ń ṣiṣẹ́.

Ta ni kí ó ra èwo?

Nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú àgbàlagbà tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tó sì ń gba ọ̀nà márosẹ̀ láti Bolingbrook wọ àárín ìlú lójoojúmọ́, aláìnírin ni kó rà fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú omi -20°F nínú ike àti gálọ́ọ̀nù kan nínú búùtù. Imọ̀ràn kan náà ni mo ní fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò, àyàfi pé kí ó ra ẹlẹ́nu sílíkóònì bí agbára rẹ̀ bá ká a, nítorí pé iye wákàtí tó ń lò lójú ọ̀nà á mú kí rọ́bà lásán tètè jẹ.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ títì, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sáré lórí márosẹ̀, aláwọ̀ rọ́bà ni tirẹ̀ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin. Bí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ bá tẹ̀ jù tí aláìnírin kò fi bá a mu, òun náà ni kó rà. Àwọn òbí wa tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọjà nìkan ni wọ́n ń wakọ̀ lọ, tí ọkọ̀ wọn sì ń sùn nínú gáréèjì, onírin tuntun lọ́dọọdún tó wọn.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là 40 lọ fún gbogbo rẹ̀, kí ó ra aláìnírin kan ṣoṣo fún ọ̀dọ̀ awakọ̀, kí ó fi onírin tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó sì fi ìyókù ra omi ìfọ-gíláàsì ti òtútù.